Mítà tó ń gba àṣẹ láti ọ̀nà jíjìn: báwo ni a ṣe lè dáàbò bo iná àdúgbò wa lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn ayélujára?

Akọ̀wé Àdúgbò, Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ìmọ̀ nípa iná mọ̀nàmọ́ná. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò kan nílùú Iléṣà. Ní ìpàdé wa tó kọjá, wọ́n wá sọ fún wa pé wọn yóò yọ mítà tí à ń tẹ nọ́ńbà sí, wọn yóò sì fi irú tuntun rọ́pò rẹ̀, èyí tó ní káàdì síìmù nínú, tó ń fi iye iná tí a lò ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì lè ti ọ́fíìsì pa tàbí tàn láìrán ẹnikẹ́ni wá sí ìdí òpó. Inú ọ̀pọ̀ nínú wa dùn sí i, pàápàá àwọn ilé tí kò ní mítà rárá, tí bílì ìfojúdíwọ̀n ti ń dà láàmú láti ọjọ́ pípẹ́.

Àmọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dìde, ó sì bèèrè pé: bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì bá lè pa iná ilé òun láìdìde lórí àga, kí ni yóò dí ẹlòmíràn tó jí páásíwọ́ọ̀dù onítọ̀hún lọ́wọ́ tí kò fi ní pa iná gbogbo àdúgbò? Kò sí ẹni tó rí ìdáhùn gidi fún un nínú àwa tí a wà níbẹ̀, àwọn tó wá bá wa sọ̀rọ̀ náà kò sì sọ ju pé ìlànà ààbò wà. Ọ̀rọ̀ yìí kò tán nínú mi. Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, kò jìnnà sí wa, nítorí náà ohun tó bá kan ààbò ètò iná kì í ṣe ìròyìn òkèèrè lọ́dọ̀ tiwa.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ níbì kan rí, bí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí ni wọ́n ṣe tí iná fi padà? Kí ló yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ apínná kí a tó fọwọ́ sí ohunkóhun? Ẹgbẹ́ ti ní kí n kọ lẹ́tà sí wọn, n kò sì fẹ́ kọ lẹ́tà tí wọn yóò kà tán tí wọn yóò jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹnjiníà Afẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìbéèrè tí bàbá olùkọ́ yẹn bèèrè tọ̀nà gan-an, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ láìfi kún un, láìyọ kúrò níbẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2015, àwọn ọ̀daràn ayélujára wọ inú kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ apínná mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè Ukraine, wọ́n sì pa iná mọ́ nǹkan bíi 225,000 oníbàárà lójú nínú òtútù. Ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà rí i tí atọ́ka orí rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀, tó ń já búrékà (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń já iná láìnì tàbí fi ń dá a padà) kan tẹ̀lé òmíràn, tí òun tó ni iṣẹ́ kò sì lè gba kọ̀ǹpútà náà padà lọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀ láti òkèèrè.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yẹ kí ó kó wa lọ́kàn sókè jù, nítorí pé kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n so fáìlì mọ́ ọn, fáìlì náà sì ń bẹ ẹni tó bá ṣí i pé kí ó tẹ bọ́tìnì kan kí ó tó lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní BlackEnergy. Láti orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, níbi tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà tí wọ́n sì ti ń ṣírò owó, ni àwọn ọ̀daràn náà ti rọra kó páásíwọ́ọ̀dù jọ, tí wọ́n sì fi gba ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń gbà ṣiṣẹ́ láti ilé wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń darí iná gan-an. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ń béèrè ní ẹnu ọ̀nà yẹn ju páásíwọ́ọ̀dù lọ. Ká ní wọ́n ń béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ kejì tó ń wọlé sórí fóònù, bí ilé ìfowópamọ́ ṣe máa ń ṣe fún wa, iṣẹ́ àwọn ọ̀daràn náà ìbá le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn kò fi mọ sórí jíjá búrékà. Wọ́n pe tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ léraléra títí àwọn oníbàárà kò fi ríbi fẹjọ́ sùn, wọ́n pa bátìrì tó yẹ kí ó gbé kọ̀ǹpútà ró nígbà tí iná bá lọ, wọ́n sì ba sọ́fítíwíà inú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń gbé àṣẹ láti ọ́fíìsì lọ sí àwọn ibùdó apínná jẹ́ débi pé àṣẹ kò lè dé ibẹ̀ mọ́, bí onílé tilẹ̀ gba ilé rẹ̀ padà.

Síbẹ̀, láàárín wákàtí kan sí mẹ́fà, iná padà. Ohun tó dá a padà ni pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ ọkọ̀, wọ́n lọ sí ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn dá búrékà padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì fi ń fọwọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀rọ tó padà bọ̀ sípò.

Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀ nìyí, nítorí pé òun ni iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe. Lára pánẹ́ẹ̀lì búrékà 33kV tàbí 11kV, ojúlówó bọ́tìnì kan wà tí a ń yí: apá kan rẹ̀ gba àṣẹ láti òkèèrè, apá kejì kò gbà á. Bí ẹ bá ti yí i sí apá kejì, àṣẹ tó bá ti orí kọ̀ǹpútà wá kò lè mira, ẹni tó dúró níwájú pánẹ́ẹ̀lì nìkan ló láṣẹ lórí búrékà náà. Bí mọ́tò tó ń fún spring rẹ̀ kò bá ní iná, ọwọ́ irin kan wà tí ẹ óò kì bọ ihò rẹ̀, tí ẹ óò máa fà lọ sókè-sódò títí àmì inú fèrèsé kékeré yóò fi yí padà pé spring ti le tó. Ẹ óò wá pe ẹni tó wà ní ibùdó tó ń bọ́ yín, ẹ óò ka orúkọ láìnì náà fún un, òun náà yóò kà á padà fún yín, ẹ óò kọ aago sínú ìwé, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ọmọ òṣìṣẹ́ tí kò bá tíì ṣe é rí kò lè kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ tí ìlú ṣókùnkùn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ibùdó wa ṣì ní ènìyàn nínú, wọ́n ṣì ń lo ìwé àti tẹlifóònù. Àwọn kan ń pe èyí ní àìlajú. Mo fara mọ́ ọn pé kí a gbé ètò wa gòkè, nítorí pé ẹni tí kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí wáyà rẹ̀ kò lè darí rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo bẹ gbogbo ẹni tó wà nídìí àyípadà yìí pé kí wọ́n má tìtorí pé ẹ̀rọ dé lé àwọn tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ náà lọ, kí wọ́n má sì ta ọwọ́ irin yẹn mọ́ àlòkù irin. Kí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe é bí ìdánrawò lọ́dọọdún, ó kéré tán.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n tún kọlu ibùdó ńlá kan ní Kyiv, olú-ìlú Ukraine kan náà, iná sì lọ fún nǹkan bíi wákàtí kan ní apá kan ìlú náà. Kòkòrò tọ̀tẹ̀ yìí, Industroyer, kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa gbé atọ́ka kiri, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ èdè tí àwọn ẹ̀rọ ibùdó apínná fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú èdè wọ̀nyí ni wọ́n ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó rò pé àjèjì lè dé orí wáyà náà. Wọ́n dà bí ìránṣẹ́ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti mọ orúkọ rẹ̀ pè, láìbèèrè ẹni tó ń pè é. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n tún gbé irú kòkòrò náà wá, ṣùgbọ́n wọ́n ká a mọ́ kí ó tó pa iná. Nítorí náà, ẹni tó bá múra sílẹ̀ lè borí wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa pípa iná ọ̀pọ̀ mítà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí à ń pèsè àti ohun tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan kí ètò iná wa tó lè dúró ní 50 Hz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta tí iná ń yí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹnìkan bá pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà lójijì, ẹrù tó wà lórí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ńlá yóò fúyẹ́, wọn yóò sáré ju bó ti yẹ lọ, àwọn kan nínú wọn yóò sì já ara wọn kúrò kí wọ́n má baà bàjẹ́. Lórí ètò iná tó ń gbé nǹkan bíi 4,000 sí 5,000 mẹ́gáwáàtì, tí àfikún ìpamọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, kò gba kí ohun tí wọ́n já pọ̀ jù kí wàhálà tó dé. Kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà tí iná orílẹ̀-èdè bá wó lulẹ̀, bó ti wó léraléra ní ọdún 2024, ọ̀daràn ayélujára ló wà nídìí rẹ̀. Irinṣẹ́ tó ti gbó àti àbójútó tí kò tó ti pọ̀ nílẹ̀ fún ìyẹn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ ọ̀daràn bo àìṣedéédéé tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, Bàbá, ẹ kú ìlàkàkà. Mo fẹ́ fi kún un láti apá kọ̀ǹpútà, nítorí pé ilẹ̀kùn tó súnmọ́ àwa oníbàárà jù kì í ṣe búrékà, ibi tí wọ́n ti ń ta iná ni.

Mítà alásansílẹ̀ tí à ń tẹ nọ́ńbà 20 sí, èyí tí Akọ̀wé ní wọ́n fẹ́ yọ, ní ọgbọ́n kan nínú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan wà nínú rẹ̀ tó bá ti kọ̀ǹpútà tó ń ta iná mu. Kọ̀ǹpútà náà yóò fi kọ́kọ́rọ́ yẹn di iye iná tí ẹ rà àti àkókò tí ẹ rà á pọ̀ sínú nọ́ńbà 20 náà, mítà yóò sì tú u fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá tún tẹ nọ́ńbà tí ẹ ti lò, yóò kọ̀ ọ́, nítorí pé ó rántí àkókò tó wà nínú rẹ̀. Àkókò yìí ni wọ́n ń kà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú láti ọdún 1993, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún gbogbo wa ní nọ́ńbà ìlọ́po méjì tí a kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà náà kí ríṣàjì wa tó lè wọlé. Kọ́kọ́rọ́ inú mítà ni a ń pààrọ̀, bí ọ̀pọ̀ wa tilẹ̀ rò pé wọ́n fẹ́ fi gba owó wa ni.

Nítorí pé mítà yìí dá wà, ọ̀daràn tó wà ní òkèèrè kò lè pa iná ilé kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá kọlu kọ̀ǹpútà tó ń ta iná, gbogbo ìlú lè wà nínú òkùnkùn láìjẹ́ pé wáyà kankan já. Ní oṣù Keje ọdún 2019, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa títí wọn yóò fi rí owó ìtúsílẹ̀ gbà wọ kọ̀ǹpútà City Power, ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ní Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn oníbàárà tí iná wọn tán lọ́jọ́ náà kò sì rí òmíràn rà. Iná wà lórí òpó, owó wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì jókòó sínú òkùnkùn. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà yín, ẹ bèèrè ohun tí wọn yóò ṣe fún wa bí kọ̀ǹpútà tó ń ta iná bá dúró lọ́jọ́ kan. Ó ṣeé ṣe láti fi iye díẹ̀ sínú mítà tó máa ń gbé ènìyàn di ọjọ́ kejì, tí wọn yóò sì yọ ọ́ nínú ríṣàjì tó bá tẹ̀lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe é fún òru àti òpin ọ̀sẹ̀.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tó ní àyè láti dé ibi tí kọ́kọ́rọ́ títà iná wà lè ṣe nọ́ńbà tí kò sanwó fún, kí ó sì máa tà á lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ náà wà nínú ẹ̀rọ tí a ṣe fún ìpamọ́ rẹ̀ nìkan, kí ó má wà nínú fáìlì lórí kọ̀ǹpútà lásán, kí ó má sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè dá a lò láìsí ẹlòmíràn tó fọwọ́ sí i. Ó yẹ kí wọ́n máa fi iye iná tí wọ́n tà wé iye tí mítà kà lóṣooṣù, nítorí pé ibẹ̀ ni jìbìtì ti máa ń hàn.

Ní ti mítà tuntun tó ní síìmù nínú, ìyàtọ̀ ni pé ó ń gbọ́ àṣẹ. Ohun tó yẹ kí ó wà níbẹ̀ ni pé kí mítà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ẹnìkan bá tú ọ̀kan palẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀, kò ní fi rí ọ̀nà wọ ti ilé kejì. Kí mítà má sì gba àṣẹ tàbí sọ́fítíwíà tuntun tí kò ní àmì ìfọwọ́sí tó dájú láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́. Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni pé kí kọ̀ǹpútà olórí má lè pa ju mítà díẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, láìka ẹni tó bá pàṣẹ sí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ pa ẹgbẹ̀rún kan, kí ẹ̀rọ náà dá a dúró, kí ó béèrè ènìyàn kejì, kí ó sì tún fi àkókò sí àárín ìdìpọ̀ kan àti èkejì. Ọ̀daràn tó jí páásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá yóò bá odi náà pàdé bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ṣe máa bá a pàdé. Irú ìdènà yìí kò wọ́n, iye owó rẹ̀ kò sì lè jẹ́ àwáwí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má gbàgbé ìtàn inú mítà náà. Mítà tó ń ròyìn iye iná tí ẹ lò ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí mọ ìgbà tí ẹ sùn, ó mọ ìgbà tí ẹ rìnrìn àjò, ó sì mọ̀ bí ilé bá ṣófo. Bí àkọsílẹ̀ yìí bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ó ti rí ìwé ìpè gbà. Òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 kan ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí wọ́n ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yín sí, iye ọdún tí yóò lò níbẹ̀, àti ẹni tó láṣẹ láti wò ó.

Onísólà, Iléṣà

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe nílùú Iléṣà, mo sì fẹ́ kí a wo apá tiwa náà, nítorí pé àwa tí a ń sá kúrò lọ́dọ̀ NEPA kò tíì sá kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ínfátà tuntun, ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré kan wà tí a ń kì bọ ibẹ̀ kí onílé lè máa wo bátìrì rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: wọ́n ti tẹ orúkọ Wi-Fi náà àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sórí rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ju 12345678 lọ. Ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì ilé yín lè wọ inú rẹ̀ bí ẹ kò bá yí i padà. Ní ọdún 2016, irú páásíwọ́ọ̀dù tí ilé-iṣẹ́ fi sílẹ̀ báyìí ni kòkòrò Mirai fi gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kárí ayé, wọ́n sì lo agbára rẹ̀ láti dí ayélujára lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún kan náà ni wọ́n fi kọlu ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Làìbéríà tí kò jìnnà sí wa.

Ohun tó burú ju ti Wi-Fi lọ ni àkáǹtì tí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń ṣí. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kó gbogbo ilé tí a ti ṣiṣẹ́ sínú àkáǹtì kan ṣoṣo, kí ó lè rọrùn láti wò wọ́n láti ilé. Ẹni tó bá jí fóònù irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè yí iye tí bátìrì gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń gbà padà tàbí kí ó pa ínfátà wọn. Èmi máa ń ṣí àkáǹtì lórúkọ onílé, kí ó fún mi láyè láti wò ó nígbà tí ó bá nílò mi, kí ó sì gba àyè náà padà nígbà tí iṣẹ́ bá parí, mo sì rọ gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ibi tí a dé báyìí ní Nàìjíríà, iná sólà tó ń padà sórí òpó kò tíì pọ̀, nítorí náà ìpalára rẹ̀ kò ní kọjá ilé tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí. Ní Jámánì àti irú orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, níbi tí sólà orí òrùlé ti wọ inú iná orílẹ̀-èdè gidi, ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ni.

Akọ̀wé Àdúgbò, Iléṣà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi ju bó ti wà lọ. Bàbá, ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ pé bó bá rí báyìí, kí a kúkú kọ mítà tuntun náà, kí a dúró sórí èyí tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ṣé kí n kọ ìyẹn sínú lẹ́tà?

Ẹnjiníà Afẹ̀yìntì, Ilé-Ifẹ̀

Rárá o, Akọ̀wé wa. Mítà tó ń ròyìn ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tiransifọ́mà yín ti gba ẹrù jù kí ó tó jóná, òun náà ni yóò fi hàn pé ẹnìkan ń fa iná láìsanwó lórí láìnì yín, tí gbèsè rẹ̀ fi ń bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń san. Ilé tí kò ní mítà kò sì gbọdọ̀ tìtorí ìbẹ̀rù padà sínú bílì ìfojúdíwọ̀n. Ohun tí ẹ óò kọ ni pé ẹ fẹ́ ẹ, àti pé ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lú ààbò tó ṣeé fojú rí.

Ẹ bèèrè bóyá kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ka ímeèlì àti èyí tí wọ́n fi ń darí iná ya ara wọn sọ́tọ̀, nítorí pé àárín àwọn méjèèjì ni àwọn ará Ukraine ti rí ìyọnu. Ẹ bèèrè bóyá ẹni tó bá ń wọlé láti ìta, títí kan ilé-iṣẹ́ tó ṣe mítà náà tó bá fẹ́ tún un ṣe láti orílẹ̀-èdè rẹ̀, ń lo ìdánimọ̀ kejì lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù, àti bóyá wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà nígbà tí kò bá sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa kún un, pé mélòó ni mítà tí ẹnì kan lè pa lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ dá iná padà ní ibùdó tó ń bọ́ yín láìlo kọ̀ǹpútà gbẹ̀yìn. Bí wọn kò bá rí ọjọ́ kan tọ́ka sí, ẹ ti rí ibi tí iṣẹ́ wà.

Ẹ rán wọn létí pé òfin tó ń gbógun ti ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2015 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2024, ti ní kí wọ́n fi ìkọlù tó àjọ ìjọba tó ń bójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ẹ bèèrè pé kí wọ́n sọ fún ẹ̀yin oníbàárà náà láàárín àkókò kan náà bí ó bá kan mítà yín. Láti ìgbà tí òfin iná mọ̀nàmọ́ná ti ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láǹfààní láti máa bójú tó iná tirẹ̀, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti sí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná, kí ó má baà jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kà á. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà tẹlifóònù tí kò gba inú kọ̀ǹpútà wọn kọjá sínú èsì, èyí tí ẹ lè pè lóru bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ipò ẹni tí yóò gbé e.